Wọ́n ti ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ tó dí lọ́kàn dádì mi, kí ló dé tí ọkàn náà ò tíì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Leeds:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọkàn, torí ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mi ò tíì sùn dáadáa.

Dádì mi wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde, ọmọ tuntun tá a bí ni wọ́n wá wò. Ẹni ọdún 67 ni wọ́n, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n wọ́n ń lo oògùn ẹ̀ déédéé. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí Ọjọ́rú àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn, wọ́n ń làágùn, wọ́n ní úlsà àwọn ló tún dé, wọn ò jí ẹnikẹ́ni torí ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni. Wọ́n mu omi gbígbóná, wọ́n jókòó sí kíṣìnì, wọ́n gbé apá òsì lé tábìlì. Aago mẹ́jọ ti kọjá kí ìyàwó mi tó sọ̀ kalẹ̀ wá po mílíìkì ọmọ, ló bá bá wọn níbẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì wọn rin gbingbin. A pe áńbúláǹsì, kò pẹ́ ni wọ́n dé, kí aago mẹ́wàá tó lù wọ́n ti ki wáyà gba ọrùn ọwọ́ wọn, wọ́n ti ṣí òpó ẹ̀jẹ̀ tó dí, wọ́n sì ti fi stẹ́ǹtì, irin kékeré tó rí bíi túbù tí ò jẹ́ kí òpó tún pa dé, sí i. Dókítà fi fọ́tò ẹ̀ hàn mí lórí kọ̀ǹpútà. Nínú ti àkọ́kọ́, òpó yẹn kàn gé lójijì bí ọ̀nà tí afárá ẹ̀ já. Nínú ìkejì, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn débi tó gbẹ́yìn pátápátá. Mo sunkún ayọ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì wọ́n ṣe ẹ́kò (fọ́tò tó ń fi bí ọkàn ṣe ń mira hàn), wọ́n ní EF wọn, ìyẹn ìdá ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn tó ń tì jáde nígbà kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 35 nínú 100, wọ́n ní iwájú ọkàn ò fẹ́ẹ́ mira. Ohun tí mo wá fẹ́ béèrè nìyí: tí òpó bá ti ṣí, tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lọ, kí ló tún kù tó ń ṣe ọkàn? Ìkejì, bàbá kan wà ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tiwọn, òpó kan náà ló dí, stẹ́ǹtì kan náà ni wọ́n fi sí i, ọmọ ẹ̀ ní EF tiẹ̀ jẹ́ 55. Kí ló fa ìyàtọ̀ yẹn? Ṣé wọ́n ṣe tiwa láìdáa ni?

Nọ́ọ̀sì_Ilé_Ọkàn:
Bùrọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú, Ọlọ́run á fún dádì lálàáfíà. Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù ọkàn fún ọdún mọ́kànlá, ìbéèrè yín yìí ni àwọn ọmọ aláìsàn máa ń bi mí jù, kò sì sígbà tí mi ò ní jókòó ṣàlàyé ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí: ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe iṣẹ́ tiwọn dáadáa kí EF sì jẹ́ 35. Stẹ́ǹtì ń tún òpó ṣe ni, kì í tún ẹran ọkàn ṣe. Nǹkan méjì ló ti ṣẹlẹ̀ sí ẹran ọkàn yẹn, ọ̀kan kí òpó tó ṣí, ìkejì nígbà tó ṣí gan-an.

Èyí àkọ́kọ́, wákàtí. Láti aago mẹ́rin sí aago mẹ́wàá, ìyẹn wákàtí mẹ́fà. Tí òpó bá dí, ẹran ọkàn kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà, láti inú ló ti ń kú bọ̀ wá síta, apá tó wà nínú lọ́hùn-ún tó sún mọ́ ihò ọkàn ló kọ́kọ́ ń lọ, ikú yẹn á wá máa rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí iná ṣe ń jẹ pápá. Reimer àti Jennings ló fi ajá ṣe ìwádìí yìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1977, nínú àwọn ajá yẹn, kó tó di wákàtí mẹ́fà iná yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jó gbogbo ibi tó lè jó tán. Èèyàn máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà míì torí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lè máa yọ́ kọjá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣì ṣí ti dádì. Ibi tí wọ́n gbà sílẹ̀, wọ́n gbà á sílẹ̀ náà nìyẹn.

Ìkejì ni kì í yé èèyàn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ náà ń ṣe ọkàn léṣe. Mo mọ̀ pé kò bá ọgbọ́n mu létí. Ẹ wò ó báyìí, ẹni tí ebi ti pa fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tẹ́ ẹ bá gbé odidi iyán àti ọbẹ̀ ẹran síwájú ẹ̀ kó jẹ ẹ́ tán lójú ẹsẹ̀, oúnjẹ yẹn gan-an lè pa á. Sẹ́ẹ̀lì ọkàn tí ò rí atẹ́gùn fún wákàtí mẹ́fà ti yí bó ṣe ń ṣiṣẹ́ padà, ásíìdì ti kún inú ẹ̀, iyọ̀ ti pọ̀ níbẹ̀. Lójijì ẹ̀jẹ̀ dé, ó gbá ásíìdì lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kálísíọ̀mù wá ya wọlé, sẹ́ẹ̀lì náà fún ara ẹ̀ pọ̀ títí ó fi ń fà ya, atẹ́gùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà ń di oró, àwọn ibi kéékèèké tó ń pèsè agbára nínú sẹ́ẹ̀lì (maitokọ́ńdríà ni wọ́n ń pè é) á wá lu ihò, iná wọn á kú. Sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ pé ó ṣì wà láàyè títí di ìgbà tí òpó ṣí lè kú lẹ́yìn tó ṣí. Láti 1960 ni Jennings yìí kan náà àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti kíyè sí i lára ajá.

Ó tún ku ọ̀kan. Fọ́tò tí dókítà fi hàn yín, òpó ńlá ló ń fi hàn. Àwọn òpó tín-ín-tín tó pín wọnú ẹran, tí ojú ò lè rí, fọ́tò yẹn ò lè fi wọ́n hàn. Wọ́n lè wú, èérún ẹ̀jẹ̀ dídì tó fọ́ nígbà tí wáyà kọjá lè lọ há síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun náà á wá kóra jọ síbẹ̀. Bí ìgbà tí wọ́n la títì márosẹ̀ tán tí gbogbo àdúgbò ṣì wà nínú ẹrẹ̀ ni. Ní 1974 ni Kloner kọ̀wé nípa èyí dáadáa, àwa ń pè é ní no-reflow. Ẹni tí tiẹ̀ bá pọ̀, EF ẹ̀ kì í tètè dìde.

Bàbá_Dèjì_Houston:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mo ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí bàbá ẹ wà yẹn. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, iwájú ọkàn ni tèmi náà, wọ́n ní 30. Mo ti ń pín ilẹ̀ fáwọn ọmọ lọ́kàn mi.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé apá kan nínú ọkàn tí ò mira yẹn ò kú, ó dákú ni. Dókítà mi tó jẹ́ obìnrin ló wá ṣàlàyé, ó ní ẹran ọkàn tí ìyà jẹ lè máà ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà láàyè, á jí. Ẹ́kò ọjọ́ kejì ò lè mọ ìyàtọ̀ òkú sí ẹni tó dákú, méjèèjì ò mira. Ìdí nìyẹn tó fi ní ká má tíì sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń rì mọ́ àyà, èyí tó máa ń ta iná sí ọkàn tó bá ń sáré ségesège, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kó pé ogójì ọjọ́ ó kéré tán, kí wọ́n tún un wò.

Lóṣù kẹta, tèmi ti di 48. Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn ilé wa láì dúró, mẹ́rìnlá ni àtẹ̀gùn yẹn, mo kà á, ṣáájú ìgbà yẹn tí mo bá dé ìkeje màá dì mọ́ irin, màá ṣe bí ẹni tó ń wo fọ́tò ara ògiri kí ìyàwó mi má bàa fòyà. Má jẹ́ kí bàbá ẹ fi oògùn ṣeré o, ọmọ mi. Òun ló ṣe é fún mi.

Ìyá_Ìbejì_Òṣogbo:
Ẹ kú ìnáwó àlàáfíà o. Mo kàn fẹ́ dá sí i ni, ṣé wọn ò lè fún bàbá ní àgbo tó ń fọ ẹ̀jẹ̀? Bàbá mi àgbà lo tiẹ̀, wọ́n pẹ́ láyé dáadáa. Tí àyà bá sì ń dun dádì yín lẹ́yìn stẹ́ǹtì yẹn, ṣé wọn ò lè lo ibuprofen?

Láàbù_ló_kọ́_mi:
Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, mi ò ní kí bàbá yín àgbà má lo ohun tó bá wọn lára mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí stẹ́ǹtì ẹ̀ ò tíì pé oṣù kan, aspirin pẹ̀lú oògùn kejì tí ò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ló ń gbé e ró. Ohun tó wà nínú ìgò àgbo, kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe máa bá àwọn yẹn pàdé, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà tàbí kí stẹ́ǹtì dí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bi dókítà kí wọ́n tó fi nǹkan kan sẹ́nu. Ti ibuprofen, rárá o. Àyà tó bá ń dùn lẹ́yìn stẹ́ǹtì, dókítà ni kẹ́ ẹ sáré sọ fún.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé, torí iṣẹ́ tí mò ń kọ́ nìyí (mò ń kàwé gboyè dókítà lórí àpá ọkàn, ọ̀rọ̀ yìí ni mò ń bá sùn tí mò ń bá jí). Tí ẹran ọkàn bá kú, ara gbọ́dọ̀ palẹ̀ òkú mọ́. Sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ń pè ní nútrófíìlì ló máa ń kọ́kọ́ dé, láàárín wákàtí díẹ̀, wọ́n ń bínú ni, wọ́n ń da kẹ́míkà sílẹ̀, wọ́n lè pa aládùúgbò tí ò ṣẹ̀ mọ́ ọn. Ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà àwọn makróféèjì, irú sẹ́ẹ̀lì funfun míì, dé, wọ́n ń gbé ìdọ̀tí mì, wọ́n wá yíwà padà, wọ́n ń pe àwọn tó máa fi kọlájìn hun àpá. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ìkeje ni ibẹ̀ rọ̀ jù, òkú ẹran ti kúrò, àpá ò tíì le, ìgbà yẹn ni ọkàn lè ya lára àwọn ẹni díẹ̀. Tí ẹ bá wá lo oògùn tó ń dí wíwú ara lọ́wọ́, bí ibuprofen, nírú àkókò yẹn, ẹ̀ ń lé àwọn kọ́lékọ́lé kúrò lórí ilé tí wọn ò tíì kan òrùlé ẹ̀. Láwọn ọdún 1970 wọ́n dán sítẹ́rọ́ìdì alágbára wò fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní háàtì àtáàkì, èrò wọn ni pé wíwú yẹn ló burú, ìwádìí kan tó jáde ní 1976 wá fi hàn pé ìpalára ọkàn pọ̀ sí i ni.

Síbẹ̀ wíwú tó bá pọ̀ jù, tàbí tí ò lọ nígbà tó yẹ kó lọ, òun náà ń ba ọkàn jẹ́. Ìwọ̀n ẹ̀ ni gbogbo wa ń wá. Kọ́ṣísìnì, oògùn tó ti wà tipẹ́ tí wọ́n ń lò fún gáòtì (àrùn tó ń mú oríkèé wú), wọ́n dán an wò lára ẹni 4,745 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní háàtì àtáàkì, èsì ẹ̀ jáde ní 2019, ó dín ewu kù, inú wa dùn. Ní 2024 èsì ìwádìí míì tó tóbi jù ú lọ tún jáde, ẹni 7,062, wọn ò rí èrè kankan. Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn.

Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ ẹran ọkàn àgbà kì í hù padà bí awọ ara. Àwọn ará Sweden ló fi ọgbọ́n àrà kà á. Bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n ń dán wò lójú ọ̀run, pàápàá kó tó di 1963, da kábọ́ọ̀nù-14 sínú afẹ́fẹ́, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń gbé iye tó wà nínú afẹ́fẹ́ lọ́dún yẹn, bí ẹni pé wọ́n lu òǹtẹ̀ ọdún ìbí mọ́ ọn lára. Nígbà tí wọ́n ka ti ọkàn, tí èsì jáde ní 2009, sẹ́ẹ̀lì ẹran ọkàn tó ń di tuntun jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún fún ẹni ọdún 25, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ títí á fi kéré sí ìdajì ìyẹn tí èèyàn bá fi máa pé 75. Ẹja kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní zebrafish, ẹ gé ìdá kan nínú márùn-ún ihò ọkàn ẹ̀ tó ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde, láàárín oṣù méjì ó ti hù ú padà. Tí mo bá ń wò ó lábẹ́ maikirosikóòpù, ó máa ń ṣe mí bíi kí n bi í pé báwo lo ṣe ń ṣe é.

Ti bàbá bẹ́ẹ̀dì kejì. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló lè fà á. Ó lè tètè dé ọsibítù. Ó lè ní ọ̀nà ẹ̀bùrú, ìyẹn àwọn òpó kéékèèké tó so òpó kan mọ́ òmíràn, tí ọ̀nà ńlá bá dí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ á gba ibẹ̀ wọlé, àwọn kan ní i gan-an, àwọn kan ò ní. Bóyá ó sì ti ń ní ìrora àyà kéékèèké fún bí ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, torí nǹkan ìyanu kan wà tí Murry, Jennings àti Reimer rí ní 1986: wọ́n dí òpó ọkàn ajá fún ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ṣí i, wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí wọ́n tó wá dí i fún ogójì ìṣẹ́jú, ibi tó kú jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ti àwọn ajá tí wọn ò kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ìyà kékeré ti kọ́ ọkàn bó ṣe máa fara da ìyà ńlá. Ìtọ̀ ṣúgà wá ń bá gbogbo èyí jà: ó ń ba òpó tín-ín-tín jẹ́ kí wàhálà tó dé, ó ń jẹ́ kí wíwú pọ̀, ó lè pa ìmọ̀lára iṣan débi pé àyà á máa kú lọ ẹni tó ni ín á máa pè é ní úlsà. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ṣe ti dádì yín láìdáa.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Leeds:
Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an. Mo ka ti Nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà tí mo ka "wákàtí mẹ́fà", mo jáde lọ dúró sí gáráàjì. Mò ń sùn lókè nígbà tí wọ́n jókòó sí kíṣìnì yẹn.

Ìbéèrè kan péré. Tí wọ́n ti mọ̀ láti 1960 pé ẹ̀jẹ̀ tó padà ń ṣe ọkàn léṣe, kí ló dé tí ò sí oògùn ẹ̀ títí di òní?

Láàbù_ló_kọ́_mi:
Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yìí ló ń gbé mi lọ sí láàbù lójoojúmọ́. Wọ́n ti gbìyànjú, kì í ṣe pé wọ́n jókòó. Sìkìlósípórììnì, oògùn kan tó ń dí ihò maitokọ́ńdríà, ṣe dáadáa lára ẹranko, wọ́n dán an wò lára bí ẹni 970 ní Yúróòpù, 2015, kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n tún rò pé tá a bá fi kọ́ọ̀fù BP fún apá fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ká tú u, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ara á ránṣẹ́ sí ọkàn pé kó múra, bíi ti ajá 1986 yẹn. Ní UK, Denmark, Spain àti Serbia ni wọ́n ti ṣe é, ẹni 5,401, èsì jáde ní 2019, kò mú àǹfààní wá.

Lójú tèmi, ara ẹranko láàbù ló ń tàn wá. Ọ̀dọ́ ni, kò ní ìtọ̀ ṣúgà, kò lo oògùn kankan rí, òpó ẹ̀ mọ́, a sì mọ ìṣẹ́jú tí a dí i. Dádì yín jẹ́ 67, wọ́n ní ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ dídì wà nínú òpó wọn, wọ́n ti lo oògùn mẹ́rin kí wáyà tó wọlé. Ọ̀kan ṣoṣo tó ti ń gba ẹran ọkàn là láìyẹ̀ ni kí òpó tètè ṣí.

Nọ́ọ̀sì_Ilé_Ọkàn:
Bùrọ̀dá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara yín. Bàbá tí ò fẹ́ jí ọmọ tuntun, ta ló máa bá a jà. Mo ti rí dókítà ọkàn tí àyà ń fún òun fúnra ẹ̀ tó ní gáàsì ni.

Ohun tó kù lọ́wọ́ yín ṣì pọ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, ewu tó wà ni pé àpá yẹn lè máa fẹ́lẹ́ kí ọkàn sì máa fẹ̀ bíi bàlúùnù tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, apá tó yè á wá máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó. Àwọn oògùn tí dókítà kọ, èyí tí orúkọ ẹ̀ ń parí sí "pril" àti èyí tó ń parí sí "olol", iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n má jẹ́ kí ọkàn fẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kátópíríìlì, ọ̀kan nínú àwọn "pril" yẹn, ni wọ́n fi dá a lójú ní 1992, ẹni 2,231 tí EF wọn ò ju 40 lọ lẹ́yìn háàtì àtáàkì, àwọn tó lò ó, ikú láàárín wọn fi ìdá 19 nínú 100 dín. Dádì wà nínú irú èèyàn yẹn gan-an. Oògùn yẹn lè mú kí ojú kọ́kọ́ máa ṣú wọn tí wọ́n bá dìde, kí wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì ná, kí wọ́n má jù ú nù. Kí wọ́n máa wọn ṣúgà. Tí ẹsẹ̀ bá wú tàbí tí wọn ò bá lè sùn gbalaja láìgbé ìrọ̀rí méjì mẹ́ta sábẹ́ orí, ẹ pe ọsibítù lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de àpọ́íńtímẹ́ǹtì.

Kẹ́ ẹ sì béèrè fún MRI ọkàn, fọ́tò tó ń fi ẹran ọkàn fúnra ẹ̀ hàn. Àwọ̀ kan wà tí wọ́n ń fún sí ẹ̀jẹ̀, ó máa ń pẹ́ nínú àpá, ibi tó bá kú á funfun, ibi tó yè á dúdú. Òun ló máa sọ fún yín iye tó kú àti iye tó dákú.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Leeds (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje):
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, mo ní kí n padà wá sọ. Wọ́n ṣe MRI. Orí ṣóńṣó ọkàn ti kú láti inú dé ìta, wọ́n fi hàn wá, funfun báláú, ìyẹn ò ní padà. Ṣùgbọ́n ògiri iwájú tó kù, díẹ̀ nínú inú ẹ̀ nìkan ló funfun, dúdú ló pọ̀ jù. EF ti di 44. Dókítà ní èyí tí Bàbá Dèjì sọ ló ṣẹlẹ̀, ó ní ó ti ń jí.

Bàbá Dèjì, àtẹ̀gùn tiwa jẹ́ mẹ́tàlá. Dádì máa ń sinmi lórí ìkẹjọ, lánàá wọ́n kọjá ìkẹjọ, wọ́n dúró sí ìkọkànlá, wọ́n ní ọmọ ń ké lókè, kí la dúró ń wò. Mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì mi wá sí yàrá ìsàlẹ̀ tó kọjú sí kíṣìnì. Ọjọ́bọ̀ a máa lọ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ eré ìdárayá tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tí ọkàn wọn ń bọ̀ sípò, ṣé ẹnikẹ́ni lè sọ fún mi irú bàtà tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbẹ̀, torí sálúbàtà nìkan ni wọ́n kó wá láti ilé.